Ọ̀RỌ̀ ẸNU RẸ NÍWÁJÚ ADÁJỌ́

   

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ìjókòó kan lẹ́yìn ìrun Íṣáì. Ẹjọ́ àwọn méjì tí wọ́n ti kéwú lọ́dọ̀ mi rí ni. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ọ̀kan sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún èkejì lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń lọ sí Kano láti wá ọ̀nà ajé, ó gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ fún àbúrò, ó ní: "Gbà, máa fi jẹun." Kò sí ìwé. Kò sí ẹlẹ́rìí, àfi ìyá àbúrò tí ó wà nídìí ààrò, tí ó gbọ́ ohùn wọn, tí kò sì bá wọn dá sí i.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Àbúrò fi máṣíìnì náà gbọ́ bùkátà, ó fi owó rẹ̀ fẹ́ ìyàwó, ó sì ń tún un ṣe nígbàkígbà tí ó bá bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n wá dé láti Kano, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní: "Máṣíìnì mi dà?" Àbúrò ní: "Bọ̀dá, ẹ ti fún mi." Ẹ̀gbọ́n ní: "Mo yá ọ ni." Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà, wọ́n sì ti ń fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ra wọn kí àwọn àgbà àdúgbò tó ní kí wọ́n kó ẹjọ́ náà wá sọ́dọ̀ àwa àáfà.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Kò sí ẹni tó ní wọn kò sọ pé "Gbà, máa fi jẹun." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tó ń ta ènìyàn lọ́rẹ lè sọ ọ́, ẹni tó ń yá ènìyàn ní nǹkan náà lè sọ ọ́. N óò padà sórí bí ìjókòó náà ṣe parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí adájọ́ máa ń ṣe nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún ẹ̀sìn wa àti fún ayé wa.

ÌDAJÌ Ọ̀RỌ̀ KÒ TÓ NÍ KÓÒTÙ

Àwọn baba wa sọ pé ìdajì ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Òótọ́ ni, láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, láàárín ìyá àti ọmọ. Ṣùgbọ́n tí ìfẹ́ bá ti kúrò láàárín ènìyàn méjì, oníkálukú ni yóò fi ohun tó wù ú dí ìdajì tó ṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ adájọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Kò rí ojú wọn, kò sì mọ inú wọn. Ọ̀rọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo nǹkan mẹ́rin tí ó máa ń bẹ̀ wò.

ÈKÍNÍ: ÌTUMỌ̀ TÓ HÀN SÍTA

Ohun àkọ́kọ́ ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní etí gbogbo ènìyàn. Láàárín 1869 sí 1876, ìjọba Ottoman ti ilẹ̀ Turkey kó òfin òwò àti àdéhùn inú fíkíhì jọ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Majalla. Níwájú ìwé náà, wọ́n to àwọn ìlànà kúkúrú tí àwọn onímọ̀ ti ń lò láti ayébáyé sí i. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ìtumọ̀ gan-an ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. A kì í sá lọ bá àfiwé tàbí àdàpè àfi tí ìdí bá wà. Àwọn adájọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún rẹ̀ ní Nàìjíríà náà ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ lè rò pé èyí rọrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó hàn kedere jù lọ, bí òǹkà, lè di ẹjọ́. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè nípa ìbò Ààrẹ ti 1979. Òfin ìdìbò sọ pé yàtọ̀ sí kí ìbò ẹni pọ̀ jù lọ, ó gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni a ní nígbà náà. Alhaji Shehu Shagari ní ìbò 5,688,857, Olóyè Obafemi Awolowo ní 4,916,651. Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, ìbò rẹ̀ kò tilẹ̀ pé ìdá kan nínú márùn-ún.

Ìbéèrè wá dé: kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19? Ẹ ṣírò rẹ̀, 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Àjọ tó ṣètò ìbò ní bí a ṣe máa kà á gan-an nìyẹn: ìpínlẹ̀ 12 odindi, kí á sì wá wo ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano. Wọ́n kéde Shagari ní 16 August 1979. Awolowo gba kóòtù lọ. Ohun tí ẹjọ́ tirẹ̀ dúró lé ni pé odindi là ń ka ìpínlẹ̀, a kì í gé e bí iṣu, nítorí náà 13 ni òfin ń sọ. Ní 26 September 1979, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, pẹ̀lú Adájọ́ Àgbà Atanda Fatayi-Williams níwájú, da ẹjọ́ náà nù. Adájọ́ méje ló jókòó. Adájọ́ Kayode Eso kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí. Adájọ́ Obaseki gbà pé 13 ni ìtumọ̀ òfin, ṣùgbọ́n ó ní ìdìbò náà ti bá òfin mu dé ìwọ̀n tí èsì rẹ̀ fi lè dúró. Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo wọn, ìwé kan náà ni wọ́n kà, wọn kò sì rí i bákan náà.

Ọdún 44 lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tún dé kóòtù: "àti." Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999, abala 134, ń béèrè ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ àti Olú-ìlú, Abuja. Lẹ́yìn ìbò February 2023, àwọn tó pẹjọ́ sọ pé "àti" yìí mú Abuja dúró lọ́tọ̀, pé ẹni tí kò bá rí ìdá kan nínú mẹ́rin níbẹ̀ kò tíì wọlé. Ilé-ẹjọ́ ẹ̀sùn ìdìbò ní 6 September 2023 sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ṣe ni a ó ka Abuja mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ yòókù bí ìpínlẹ̀ kan. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí i ní 26 October 2023.

N kò wá ṣe òṣèlú lórí ìwé yìí, n kò sì sọ ẹni tó jàre. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé orí ìdá kan àti ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ kékeré kan ni ipò tó ga jù ní ilẹ̀ yìí dúró lé lẹ́ẹ̀mejì. Mélòó mélòó wá ni ọ̀rọ̀ tí èmi àti ìwọ ń jù sílẹ̀ láìbìkítà!

ÈKEJÌ: OHUN TÍ WỌ́N TORÍ RẸ̀ SỌ Ọ́

Ẹni tó bá dì mọ́ awẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan lè ṣìnà. Nígbà tí Ọlọ́hun sọ nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 187, pé kí aláàwẹ̀ máa jẹ, kí ó máa mu, títí òwú funfun àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò fi yàtọ̀ sí òwú dúdú, sàábé kan tí ń jẹ́ Adiyy ọmọ Hatim mú okùn dúdú kan àti funfun kan, ó kó wọn sábẹ́ ìrọ̀rí. Òru ni ó fi ń wò wọ́n, kò sì rí ìyàtọ̀. Nígbà tó sọ fún Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Ànábì ṣàlàyé fún un pé òkùnkùn òru àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni. Lárúbáwá ni Adiyy, òun ló ni èdè náà, síbẹ̀ ó ṣì í gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti èkejì kí ẹ má baà rò pé ẹni tó di awẹ́ ọ̀rọ̀ mú ni ó máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo. Ní ọdún karùn-ún Hijra, Ànábì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má kirun Alaasari àfi ní ibùdó Banu Qurayzah. Àkókò ìrun bá wọn lójú ọ̀nà. Àwọn kan ní: ohun tí ó sọ ló sọ, a kò ní kirun títí a ó fi débẹ̀. Àwọn yòókù ní: kí á lè yára ni ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, kò ní kí á fi ìrun sílẹ̀, wọ́n sì kirun lójú ọ̀nà. Wọ́n sọ ọ́ fún Ànábì, kò sì bá apá kankan wí, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ṣe gbà á wá.

Ẹ rí i, ẹ̀yin ará: ẹgbẹ́ méjì tí ń bẹ nínú gbogbo kóòtù ayé títí dòní ti wà lójú ọ̀nà yẹn, èyí tí ń wo ọ̀rọ̀ àti èyí tí ń wo ìdí ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni wí? Nítorí pé àwọn méjèèjì ń wá bí wọn yóò ṣe tẹ̀lé àṣẹ ni. Kò sí ẹni tó ń wá ihò tí yóò gbà yọ. Ní ti àdéhùn láàárín ènìyàn sí ènìyàn, Majalla tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sọ ọ́ ní abala 3 pé èrò àti ìtumọ̀ ni à ń wò, kì í ṣe awẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní òun "ta" bàtà fún ọ ní ọ̀fẹ́, ọrẹ ló ta ọ́, bó tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ ní títà.

Ẹ̀KẸTA: ÀṢÀ ÀWỌN TÓ NI ÈDÈ

Ní ayé Khalífà Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), olórí kan nínú ìran Tamim, Zibriqan ọmọ Badr, mú akéwì tí wọ́n ń pè ní al-Hutay'ah wá síwájú rẹ̀. Ó ní ó fi ewì bú òun. Umar gbọ́ ewì náà, ó ní òun kò gbọ́ èébú níbẹ̀. Létí ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lóréfèé, ìmọ̀ràn ni: kí ọkùnrin náà fara balẹ̀, kì í kúkú ṣe pé ebi ń pa á tàbí pé ó rìn ní ìhòòhò. Kí ló burú níbẹ̀?

Zibriqan kò gbà. Umar wá ránṣẹ́ pe Hassan ọmọ Thabit, akéwì tí ó ti ń fi ewì gbèjà Ànábì, ó bi í léèrè. Hassan ní èyí kọjá èébú lásán. Láàárín àwọn Lárúbáwá, bí wọ́n bá sọ fún olórí pé kí ó jókòó jẹun kí ó fi iṣẹ́ ọlá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n ti sọ ọ́ di ẹni tí à ń bọ́. Ìgbà náà ni Umar fi al-Hutay'ah sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀. Khalífà ni Umar, ó sì gbọ́ Lárúbáwá dójú àmì, síbẹ̀ kò ti ara rẹ̀ nìkan dájọ́. Ó pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ fíkíhì fi lélẹ̀ pé àṣà ìlú jẹ́ adájọ́. Àwa Yorùbá ṣáà mọ̀ ọ́n. "O káre" lè jẹ́ ìyìn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gún. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ àti ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Nítorí náà ìwọ tí o máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ènìyàn, tí wọ́n bá bi ọ́ tán tí o ń ní "Ṣé mo dárúkọ rẹ̀ ni?", rántí al-Hutay'ah nínú ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀KẸRIN: NÍGBÀ TÍ Ọ̀RỌ̀ KAN BÁ NÍ ÌTUMỌ̀ MÉJÌ

Nígbà mìíràn, kò sí ẹni tó fi ẹ̀tàn sọ ọ̀rọ̀, èdè fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà méjì. Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 228, sọ pé obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ yóò dúró fún quru' mẹ́ta kí ó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ní èdè Lárúbáwá, quru' lè jẹ́ àsìkò nǹkan oṣù, ó sì lè jẹ́ àsìkò ìmọ́ra láàárín nǹkan oṣù méjì. Ìmáámù Malik, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé, àti Ìmáámù Shafi'i ní ìmọ́ra ni. Ìmáámù Abu Hanifah ní nǹkan oṣù ni. Ní ti Malik, bí wọ́n bá kọ obìnrin sílẹ̀ nínú ìmọ́ra, ìdúró rẹ̀ parí nígbà tí nǹkan oṣù kẹta bá bẹ̀rẹ̀. Ní ti Abu Hanifah, ó di ìgbà tí nǹkan oṣù kẹta bá parí.

Ọjọ́ mélòó kan ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọkọ lè gbà á padà láìsí yìgì tuntun, tàbí kí ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ogún wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ilé odindi lè dúró tàbí kí ó tú lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ìdí nìyí tí ẹ̀yin arábìnrin fi gbọ́dọ̀ kéwú, kí ẹ sì mọ fíkíhì tó kàn yín. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó wá jókòó ní pálọ̀ láti sọ fún yín.

IBI TÍ AGBÁRA ADÁJỌ́ PIN SÍ

Ẹ ti rí i pé adájọ́ ń ṣiṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí kò lè dé. Umm Salamah (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbà á wá, ó sì wà nínú Bukhari àti Muslim, pé Ànábì sọ fún àwọn tó gbé ẹjọ́ wá pé ènìyàn ni òun, pé ẹnu ọ̀kan nínú wọn lè dùn ju ti èkejì lọ, kí òun sì dá ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí òun ṣe gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tí òun bá tipa bẹ́ẹ̀ fún ní ẹ̀tọ́ arákùnrin rẹ̀, kí ó má gbà á, nítorí pé ègé iná ni òun gé fún un.

Ẹ̀yin ará mi, ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí? Ẹni tí wáhàyí ń sọ̀kalẹ̀ fún ni! Bí ìdájọ́ ọwọ́ Ànábì kò bá lè sọ hàráámù di hàláálì fún ẹni tó mọ̀ pé òun purọ́, ìdájọ́ kóòtù wo ni yóò ṣe é? Lọ́yà lè fi ọ̀rọ̀ gba ilẹ̀ fún ọ. Kò lè fi ọ̀rọ̀ gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyáámà.

BÍ ÌJÓKÒÓ NÁÀ ṢE PARÍ

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí máṣíìnì. A wo ọ̀rọ̀ náà lóde, ó la ọ̀nà méjì. A bi àwọn télọ̀ àdúgbò nípa àṣà wọn, àwọn kan ní ọrẹ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní àyálò ni. Ìyá àbúrò ní òun gbọ́ "máa fi jẹun", òun kò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá ku ìlànà tí Ànábì fi lélẹ̀, pé ẹni tó ń pe ẹ̀tọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá, ẹni tó ń jiyàn ni yóò búra. Àwọn méjèèjì gbà pé ẹ̀gbọ́n ló ni máṣíìnì tẹ́lẹ̀. Àbúrò ló ń sọ pé ó ti di ti òun, kò sì ní ẹ̀rí. Nítorí náà ìbúra kan ẹ̀gbọ́n. Bó bá búra, máṣíìnì tirẹ̀ ni.

Èmi ni wọ́n ní kí n gba ìbúra náà. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè, ó ní: "Mo fi Ọlọ́hun búra, n kò sọ fún un rí pé mo ta á lọ́rẹ." Mo mi orí, mo fẹ́ sọ pé ó parí. Ìgbà náà ni àáfà tó dàgbà jù láàárín wa, bàbá tí kò dé yunifásítì, tí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní hàràfí, ní: "Dúró ná. Ọmọ mi, ohun tí a bi ọ́ kọ́ nìyẹn. A ti mọ ọ̀rọ̀ tí o sọ. Ohun tí a ń bi ọ́ ni pé, nígbà tí o gbé e fún un, ṣé o ní in lọ́kàn pé yóò padà sọ́wọ́ rẹ?"

Bàbá náà wá rán wa létí hádíìsì tó wà nínú ìwé Muslim, pé èrò ọkàn ẹni tó ń béèrè ìbúra ni ìbúra ń tẹ̀lé, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń búra fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ojú tì mí. Èmi tí mo ka fíkíhì ní mọdirasa, tí mo tún kà á ní yunifásítì, n kò gbọ́ àlàfo tó wà nínú ìbúra yẹn. Òótọ́ ni ó sọ, kò sì dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀yin àáfà, lọ́jọ́ tí mò ń lọ, n kò rò pé mo tún máa fi máṣíìnì ṣiṣẹ́ mọ́. Mo fi í sílẹ̀ fún un ni. Ìgbà tí Kano kò gbè mí ni mo tó rántí rẹ̀." Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ó ní: "Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa lò ó láàárọ̀, èmi á máa lò ó lálẹ́, títí a ó fi ra òmíràn." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Bó bá ti búra ìbúra ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ yẹn tí a sì gbà á, kò sí kóòtù tí yóò mú un. Iná ni ì bá máa fi ránṣọ.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ṣọ́ ẹnu rẹ nígbà ìbínú. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ gangan, àwáwí pé eré lo fi ṣe kò wúlò. Ànábì ti kìlọ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ wà nínú àwọn ohun tí eré rẹ̀ àti òótọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí o bá ní "Kó ẹrù rẹ, máa lọ sílé bàbá rẹ", kádì lè bi ọ́ pé kí lo ní lọ́kàn. Kí ni ìwọ yóò wí? Ṣé wàá purọ́ kí o lè máa bá obìnrin tí kì í ṣe tìrẹ mọ́ gbé ni?

Ìwọ arábìnrin, tí o bá bi ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ pé, "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n parí ẹ̀kọ́ mi?", tó sì ní "Kò sí wàhálà", má fi ìyẹn lọ. "Kò sí wàhálà" kì í ṣe àdéhùn. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lójú wàlíì rẹ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí yìgì tó so. Ànábì sọ pé kò sí àdéhùn tó yẹ kí á mú ṣẹ tó èyí tí a torí rẹ̀ so yìgì.

Ìwọ oníṣòwò, "Màá san án tí owó bá dé" kì í ṣe ọjọ́. Ẹsẹ tó gùn jù nínú Àlùkùránì, Sūratul-Baqarah ẹsẹ 282, orí gbèsè kíkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tí a dá fún un ló wà. Ní kóòtù wa, bí ìwé bá ti wà, wọn kì í sábà jẹ́ kí ẹnu yí ohun tí ìwé sọ padà. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé kò bá sì dá ṣáká, ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n máa ń túmọ̀ rẹ̀ lé lórí. Nítorí náà ka ìwé kí o tó fọwọ́ sí i. Bí ìwọ lo kọ ọ́, jẹ́ kí ó yé ẹnì kejì rẹ bí ó ti yé ọ.

Èyí tó gbẹ̀yìn kan gbogbo wa. Nígbà tí àwọn kan ń lọ́ ọ̀rọ̀ "rā'inā" pọ̀ láti fi bú Ànábì, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 104, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa sọ "unzurnā". Inú àwọn onígbàgbọ́ mọ́, síbẹ̀ wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Kí inú mọ́ nìkan kò tó. Kí ọ̀rọ̀ náà tún mọ́, kí ẹnikẹ́ni má rí ibi fà á wọ́ sí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Adájọ́ ayé á ṣa èèpo rẹ̀ jọ, á wò ó, á gbìyànjú. Adájọ́ ọ̀run ti mọ ohun tó wà nínú ẹyin kí ó tó bọ́. Kò nílò ẹlẹ́rìí, kò sì ní bi akéwì léèrè.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa bá èrò ọkàn wa mu. Má jẹ́ kí á fi ahọ́n gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Fún àwọn adájọ́ wa ní ìmọ̀ àti ìbẹ̀rù Rẹ, kí O sì tọ́jú ìwé iṣẹ́ wa fún wa ní ọwọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yóò tán. Àmín.